Ihò, Yàrà, Ọ̀nà Abẹ́ Ilẹ̀: Kí Ni Kí Yorùbá Pe "Tunnel"?

Ìfáárà

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńláńlá ni ó máa ń yọ olùtumọ̀ lẹ́nu jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò sí irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé iṣẹ́ wà níwájú òun. Yóò jókòó, yóò ronú, yóò sì bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè. Ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn ni ó ń tan ni jẹ. "Tunnel" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi olùkọ́ mẹ́rin léèrè ohun tí Yorùbá ń pè é, kò sí ẹni tí yóò dákẹ́ nínú wọn. Ọ̀kan yóò ní ihò ni. Èkejì yóò ní ihò abẹ́ ilẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta yóò ní ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni. Ẹ̀kẹrin yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí wọ́n kúkú pè é ní táńẹ́ẹ̀lì kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ni ó dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dárúkọ kì í ṣe ohun kan náà.

Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ohun mẹ́ta hàn. Èkíní ni pé èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe "tunnel". Èkejì ni pé ẹnu ọdẹ, àgbẹ̀ àti gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó yẹ kí onímọ̀ èdè ti lọ wá ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kẹta ni pé kì í ṣe gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti lo ọ̀rọ̀ yìí ni ó di dandan kí Yorùbá lo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá

Àwọn kan gbà pé èdè tí ó bá ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ó máa ń ní ọ̀rọ̀ fún un láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn "tunnel" fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, àgbá ọtí ni ó sì ń tọ́ka sí ní ọ̀hún. Nígbà tí ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀n gígùn kan tí àwọn ọdẹ fi ń mú àparò ni wọ́n fi ń pè, nítorí pé ó rí roboto bí àgbá, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ sì há. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún fi ń pe ihò tí èéfín ń gbà jáde lórí ilé. Ó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí wọ́n ń la ojú omi kiri ilẹ̀ wọn fún ọkọ̀ akẹ́rù tí òkè sì ń dí wọn lọ́nà, kí wọ́n tó fi orúkọ náà pe ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè kọjá.

Àgbá ọtí, àwọ̀n àparò, ihò èéfín: ilé ìdáná àti igbó ọdẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Kò sí ìgbìmọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá lè mú orúkọ àwọ̀n ẹyẹ kí ó fi ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, kò sí ohun tí ó ní kí Yorùbá má mú tirẹ̀ láti ẹnu ihò òkété.

Ihò òkété àti Ihò Eléérú

Ní Ìjù àti Ìta-Ògbólú, ní ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ òkété, nítorí pé alábàápín irè oko ni. Òkété kì í fi ara rẹ̀ sínú ihò ẹlẹ́nu kan. Ẹnu kan wà tí ó ń gbà wọlé. Òmíràn wà níbòmíràn, tí ewé tàbí koríko bò, èyí tí yóò gbà sá bí ọ̀tá bá dé. Ìdí nìyí tí ọdẹ tí ó gbọ́n kì í fi í kó èéfín sí ẹnu kan kí ó tó wá èkejì rí, kí ó dí i, tàbí kí ó fi ẹnìkan ṣọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ihò náà lu já yóò fín in títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, òkété yóò sì ti wà ní oko ẹlòmíràn. Ọmọ tí ó bá ń bá baba rẹ̀ lọ sí oko ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ihò tí ó lu já àti ihò tí kò lu já kí ó tó mọ A, B, D.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó ń sọnù bí olùtumọ̀ bá pe "tunnel" ní ihò lásán. Ihò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gba ohun púpọ̀ mọ́ra. Ihò imú wà, ihò etí wà, ihò eku wà, ihò ejò wà, ihò àpáta sì wà. Òmíràn ní ẹnu kan, òmíràn ní méjì; òmíràn jìn, òmíràn kò jìn rárá. Kò burú bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọjà, nítorí pé ibi tí wọ́n bá ti lò ó ni yóò sọ èyí tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá yà ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kò tíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Àpẹẹrẹ tí ó dára wà ní agbègbè Àkúrẹ́ kan náà. Ní Ìsàrun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ́, ni ihò àpáta kan wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ihò Eléérú. Níbẹ̀ ni Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ti wú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965, egungun tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 11,000 ọdún. Gbajúmọ̀ ni ibẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ káàkiri àgbáyé. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, Iwo Eleru ni wọ́n ń kọ orúkọ náà sí nínú ìwé. Ẹni tí kò mọ ìlú náà lè rò pé ìwo ẹran ni, tàbí kí ó máa wá a lọ sí ìlú Ìwó. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé ìwádìí nípa ibẹ̀ ní 2023 ti dá ihò padà sí ipò rẹ̀, wọ́n pè é ní Iho Eleru. Ó yẹ kí inú gbogbo olùkọ́ èdè dùn sí àtúnṣe yìí, nítorí pé orúkọ náà ti padà ní ìtumọ̀: ihò ni, eérú sì wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pe Ihò Eléérú ní "tunnel". Ibi tí ènìyàn lè sá òjò sí lábẹ́ àpáta ni. Ibi tí ó bá gbà wọlé ni yóò gbà jáde. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ń jẹ́ fún un àti fún ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà la inú òkè kọjá, ọ̀rọ̀ náà kò kún tó.

Ohun tí ó ń sọ nǹkan di "tunnel"

Kí ènìyàn tó wá orúkọ fún nǹkan, ó yẹ kí ó mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó ń sọ nǹkan di "tunnel". Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ẹnu méjì, kí ohun tí ó bá gba ìhín wọlé lè gba ọ̀hún jáde. Ìkejì, ó gbọ́dọ̀ ní ìbòrí: ilẹ̀, àpáta tàbí ohun mìíràn gbọ́dọ̀ yí i ká lókè àti ní ẹ̀gbẹ́. Ìkẹta, ó gbọ́dọ̀ wà fún ìkọjá, yálà ènìyàn ni yóò kọjá níbẹ̀ ni o, tàbí ọkọ̀, tàbí omi, tàbí afẹ́fẹ́.

Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n mẹ́ta yìí wọn àwọn ohun tí Yorùbá ti ní orúkọ fún, ọ̀rọ̀ yóò yé ni. Kòtò àti kànga kò ní ẹnu kejì. Yàrà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ènìyàn sì lè rìn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìbòrí. Erédò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó sì jìn tó 20 mítà níbòmíràn, jẹ́ iṣẹ́ ńlá tí ó yẹ kí wọ́n fi máa yangàn. Ṣùgbọ́n yàrà ni, ojú ọ̀run ni ó wà lórí rẹ̀. Ní Agongointo, ní Bohicon ní ilẹ̀ Bìní Olómìnira, níbi tí àwọn tí ń ṣe títì ti ṣèèṣì já lu àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ ayé àtijọ́ ní 1998, ilé ni àwọn tí ó gbẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́, kì í ṣe ọ̀nà. Ilé abẹ́ ilẹ̀ ni orúkọ tí ó tọ́ sí i.

Èyí tí ó le díẹ̀ ni ihò àwọn awakùsà. Ní Enugu, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wa èédú ilẹ̀ ní nǹkan bí 1915, tí àwọn ọlọ́pàá sì ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, inú ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ń gbà wọlé lọ bá èédú. Ní ẹnu àwọn ará ìta, "tunnel" ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìwakùsà fúnra wọn kò gbà bẹ́ẹ̀: wọ́n ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ihò tí ó wọlé lọ bá èédú tí kò sì yọ sí ìhà kejì. Bí Gẹ̀ẹ́sì tí ó ni ọ̀rọ̀ bá ń ya ti ẹnu ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹnu iṣẹ́, Yorùbá náà lè ṣe é. Ihò awakùsà yóò tó fún ti Enugu.

Èyí tí ó kún ojú òṣùwọ̀n ni ọ̀nà omi Ọba Hesekáyà ní Jerúsálẹ́mù, tí àwọn tí ń ka Bíbélì mọ̀ dáadáa. Ó gùn tó nǹkan bí 533 mítà. Àkọlé ara àpáta tí wọ́n rí níbẹ̀ ní 1880 sọ pé ìhà méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbẹ́ ẹ bọ̀, tí wọ́n fi gbọ́ ohùn ara wọn láti inú àpáta, tí wọ́n sì pàdé. Ní ọjọ́ tí wọ́n pàdé yẹn ni ohun tí wọ́n ń gbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di "tunnel". Títí di àná rẹ̀, ihò méjì ni.

Àléébù ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀

Nínú ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n kà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni ó súnmọ́ òótọ́ jù, nítorí pé ọ̀nà kì í ṣe ọ̀nà bí kò bá já síbì kan. Ó ṣe é lò fún èyí tí ó gba abẹ́ òkun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ṣí ní 1994, tí ó sì gùn tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Ó ṣe é lò fún èyí tí Marc Brunel gbẹ́ gba abẹ́ odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín 1825 àti 1843. Ìtàn èyí tilẹ̀ dùn: ara ẹ̀dá kékeré kan tí ń jẹ igi ọkọ̀ ojú omi, tí ń gbẹ́ inú igi lọ tí ó sì ń rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀ bí ó ti ń lọ, ni Brunel ti kọ́ ọgbọ́n bí òun yóò ṣe gbẹ́ ilẹ̀ kí ilẹ̀ má ya lu àwọn òṣìṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àléébù méjì ni ó wà lára ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀. Èkíní ni pé kì í ṣe gbogbo "tunnel" ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣí ní Gotthard ní Switzerland ní 2016, tí ó gùn tó 57 kìlómítà, inú òkè ni ó gbà. Ará Ìdànrè, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò ní inú òkè yàtọ̀ sí abẹ́ ilẹ̀, òótọ́ ni yóò sì wí. Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ẹnu Yorùbá lójoojúmọ́, ohun tí wọ́n bá ṣe lábẹ́lẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan gba ọ̀nà abẹ́lẹ̀ dé ipò, kò sí ẹni tí yóò rò pé ilẹ̀ ni ó gbẹ́. Bí akọ̀ròyìn bá wá sọ pé ìjọba fẹ́ la ọ̀nà abẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni yóò pa àwọn kan, ìfura ni yóò mú àwọn mìíràn. Èdè-ìperí tí ó bá ní láti kọ́kọ́ wẹ ara rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó lè lò ó kò ní pẹ́ sú àwọn olùkọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń fẹ́ ojú jù ni inú ìròyìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2023, ilẹ̀ ya lu "tunnel" kan tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ ní Silkyara ní ilẹ̀ Íńdíà, òṣìṣẹ́ 41 sì há sínú rẹ̀ fún ọjọ́ 17. Bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ pé wọ́n há sínú ihò, òǹgbọ́ yóò rò pé kòtò ni wọ́n jìn sí, yóò sì máa béèrè ìdí tí wọn kò fi ju okùn sí wọn. Bí ó bá kọ ọ́ pé wọ́n há sí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, òǹgbọ́ yóò béèrè ìdí tí wọn kò fi gba ìhà kejì jáde. Bí ó bá kọ ọ́ pé ihò tí wọ́n há sí kò tíì lu já, ọ̀rọ̀ ti tán: ilẹ̀ ti dí ẹnu tí wọ́n gbà wọlé, ẹnu kejì kò sì tíì sí. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ láti gbẹ́ mọ́, àwọn tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ gbẹ́ ihò tóóró bí ti eku ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ èyí tí ó kù, gbogbo òṣìṣẹ́ náà sì jáde láàyè.

Ìmọ̀ràn: ihò ìlujá

Gbogbo ohun tí wọ́n ti wí láti òkè ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ń lu pákó mọ ìgbà tí irin rẹ̀ lu já àti ìgbà tí kò lu já. Ọmọ ilé mọ yàrá méjì tí ó lu jára wọn. Ọdẹ mọ ihò òkété tí ó lu já. Láti ara lu já ni orúkọ ti lè jáde ní ìrọ̀rùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe èdè Yorùbá: ìlujá. Ihò ìlujá ni kí wọ́n máa pe "tunnel" nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ọkọ̀ tàbí ti ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀nà ìlujá dára. Àmì ohùn ṣe pàtàkì níbí: lu tí wọ́n fi ń lu pákó yàtọ̀ sí lù tí wọ́n fi ń lù ènìyàn. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì sí i, ìlù àti ìlú ni òǹkàwé yóò máa rò.

Ó yẹ kí wọ́n dán ọ̀rọ̀ yìí wò níbi tí abẹ́ ilẹ̀ kò ti lè dé. Ní 1901, kí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright ti Amẹ́ríkà tó fò ní 1903, wọ́n kan àpótí gígùn kan tí ó ṣí ní ìhà méjì, wọ́n sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá láti wo bí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yóò ṣe ṣe. Ihò ìlujá afẹ́fẹ́ ni. Kò sí ilẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Ní ọrùn ọwọ́ ènìyàn, ibì kan wà tí egungun tẹ́ sí ìsàlẹ̀, tí iṣan líle kan sì bò lókè. Okùn iṣan 9 tí ń ká ìka àti iṣan ìmọ̀lára kan ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ibẹ̀ bá wú, ọwọ́ á máa ta ènìyàn, ìka á sì máa kú tipiri. Dókítà tí ó bá sọ fún aránṣọ tí ó ní àìsàn yìí pé ihò ìlujá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni ó há ti ṣàlàyé àìsàn náà tán.

Ibi tí kò ti yẹ kí Yorùbá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì

Ibì kan wà tí ìlujá kò dé, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ físíìsì ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà fún ohun ìyanu kan tí ń ṣẹlẹ̀ nínú átọ́ọ̀mù: èérún tí agbára rẹ̀ kò tó láti gun òkè kan kọjá a máa bá ara rẹ̀ ní ìhà kejì nígbà mìíràn. George Gamow fi èyí ṣàlàyé bí àwọn átọ́ọ̀mù kan ṣe ń tú èérún jáde ní 1928. Leo Esaki fi ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ ní 1957, ó sì pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti 1973. Ní 2025, John Clarke, Michel Devoret àti John Martinis gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ tí ó fi hàn pé irú ìkọjá yìí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí ó tóbi tó ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ mú.

Bí olùkọ́ bá pe èyí ní ìlujá, irọ́ ni yóò pa fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé kò sí ohun tí ó lu. Kò sí ihò kankan tí èérún náà gbẹ́, kò sì sí ojú àpá kankan lẹ́yìn tí ó ti kọjá. Àfiwé lásán ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe, àfiwé náà kò sì bá ìdí ọ̀rọ̀ mu. Yorùbá ń sọ pé ènìyàn la inú igbó kọjá, tàbí pé ìmọ́lẹ̀ la inú omi kọjá, láìsí pé igbó tàbí omi lu. Ìlàkọjá ni ó yẹ kí wọ́n pe èyí. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ méjì tí Yorùbá ní sàn ju ẹyọ kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń dà pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àkànlò èdè. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ìmọ́lẹ̀ yọ ní òpin "tunnel", ohun tí ó ń wí ni pé ìyà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí olùtumọ̀ bá gbé ihò wọ inú ọ̀rọ̀ náà, òǹkàwé yóò máa béèrè ẹni tí ó gbé wọn sínú ihò. Yorùbá ti ní tirẹ̀: bí ó ti wù kí alẹ́ pẹ́ tó, ilẹ̀ yóò mọ́. Bí àìsàn ojú bá sì mú kí ènìyàn máa rí ọ̀ọ́kán nìkan, kí dókítà sọ pé ó ń rí iwájú, kò rí ẹ̀gbẹ́. Kò sí ìdí tí ihò kankan fi gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Àwọn tí yóò takò ó

Ẹni tí ó fara mọ́ táńẹ́ẹ̀lì yóò ní Yorùbá ti yá rélùwéè, ó ti yá bíríjì, ilẹ̀ kò sì ya. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó lè fi òfin de ẹnu awakọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 àti 1990 pàápàá yá ọ̀rọ̀ bíi fóníìmù níbi tí wọ́n rí i pé yíyá ni ó dára. Ṣùgbọ́n ibi tí Yorùbá bá ti ní èrò náà tẹ́lẹ̀, tí ó sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe fún un, yíyá kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Táńẹ́ẹ̀lì kò sọ ohunkóhun fún ọmọ tí kò rí i rí. Ìlujá sọ ìdajì ẹ̀kọ́ fún un kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní ìlujá ṣàjèjì létí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ṣàjèjì ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe ṣàjèjì létí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹlòmíràn yóò ní ẹ̀ka-èdè yàtọ̀. Ní Àkúrẹ́ àti Èkìtì, fáwẹ́lì u lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ulé sì ni wọ́n ń pe ilé. Ṣùgbọ́n èyí kò dí wọn lọ́wọ́ láti mọ ilé nínú ìwé, kò sì ní dí wọn lọ́wọ́ láti mọ ihò ìlujá.

Ìgúnlẹ̀

Ó lè dà bí ẹni pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò tó ohun tí wọ́n ń fi bébà ṣòfò lé lórí. Ṣùgbọ́n láti 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, lábẹ́ Babs Fafunwa, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí ó sì yọrí sí rere. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà sí. Lára ohun tí àwọn tí inú wọn dùn sí ìpadàsẹ́yìn yìí máa ń wí ni pé èdè wọ̀nyí kò ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ìwé ẹ̀hónú nìkan kò lè dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí ó péye, tí ó ṣe é lò ní kíláàsì, ni yóò dá wọn lóhùn. Ní Àkúrẹ́ ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1981 tí ó ń kọ́ àwọn onímọ̀ ìwakùsà ní bí wọ́n ṣe ń la inú àpáta kọjá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Ìjù kò jìnnà sí ibẹ̀, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi ọ̀rọ̀ tí ó dára jù lọ fún iṣẹ́ náà sọ ti òkété lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Àwọn onímọ̀ èdè ni kò tíì tẹ̀ba tó.

Kí àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì. Kí wọ́n ya kòtò, yàrà, ihò àpáta àti ihò òkété sára pátákó, kí wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè èyí tí ó lu já, kí wọ́n sì fetí sí orúkọ tí àwọn ọmọ yóò pè wọ́n. Bí ihò ìlujá bá dùn lẹ́nu wọn, kí ó wọ ìwé. Bí wọ́n bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kí tiwọn wọ ìwé.